Òrí, Òrí-Àmọ́ àti Pòmáàdì: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ tí ó Jẹ mọ́ Kírímù ní Ilẹ̀ Òkun

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó jẹ mọ́ ọ̀rá wàrà àti ìpara, tí wọ́n ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́ ní ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣì wà láàyè ní ojú ìwé tàbí ní ẹnu àwọn Yorùbá. Ilẹ̀ Òkun, pàápàá ìlú Kábà, ni ojúkò àgbéyẹ̀wò náà. Ohun tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí ó bá ti gbó nílé kì í gbó bákan náà ní ibi tí ó ṣe àtìpó sí, àti pé olùkọ́ tí yóò ṣe ìdájọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń pè ní orúkọ. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé òrí, tí ọ̀pọ̀ ń wò bí ohun àwọn arúgbó, ni ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó sún mọ́ ìtumọ̀ àtijọ́ 'cream' jù lọ.

Ìfáàrà

Ẹ̀sùn méjì ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo èdè. Èkíní ni pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan pàtó fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní 'cream', nítorí náà èdè náà tòṣì ní ẹ̀ka yìí. Èkejì ni pé àwọn tí ó tilẹ̀ yá ọ̀rọ̀ lò kò yá èyí tí ó tọ́: 'pòmáàdì' tí ìyá àgbà ń pè jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí kò lajú, 'body cream' ni ó yẹ kí ó pè. Ẹ̀sùn méjèèjì máa ń bá àwọn olùkọ́ wọ inú kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ pòmáàdì sínú àròkọ lè rí ìlà pupa lábẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó sì bá kọ òrí lè gbọ́ pé kí ó wá ọ̀rọ̀ tí ó bágbà mu.

Bí ọ̀ràn náà ti kéré tó lójú, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni fojú fò. Ìlà pupa tí olùkọ́ kan fà lónìí ni ọmọ náà yóò máa fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mìíràn lọ́la. Ó yẹ nígbà náà kí ènìyàn bèèrè bóyá ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ibi tí ó dára láti bẹ̀rẹ̀ ni ìtàn ọ̀rọ̀ 'cream' gan-an, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ fi òṣùwọ̀n wọn nǹkan gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá òṣùwọ̀n náà tọ́.

Àtìpó ni 'cream' nílé Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ kò mọ 'cream'. 'Ream' ni wọ́n ń pe ọ̀rá tí ó máa ń léfòó sí ojú wàrà. Ọ̀rọ̀ yìí bá 'Rahm' ti èdè Jámánì tan, ó sì ṣì wà ní ẹnu àwọn kan ní ilẹ̀ Scotland. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ọ̀rọ̀ Faransé wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò, ó sì gba àga lọ́wọ́ onílé. Ẹni tí ó bá sọ pé èdè tí ó yá ọ̀rọ̀ fún ọ̀rá wàrà jẹ́ òtòṣì ti ka Gẹ̀ẹ́sì mọ́ àwọn òtòṣì náà.

Ibi tí Faransé ti rí ọ̀rọ̀ ọ̀hún tún ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó para pọ̀ di 'cream'. Ọ̀kan ni 'cramum' ti èdè Látìnì ìgbẹ̀yìn, tí ó jẹ́ ọ̀rá wàrà. Èkejì ni 'chrisma', òróró mímọ́ tí ìjọ fi ń ta sí ènìyàn lórí. Láti inú ìdílé 'chrisma' yìí náà ni orúkọ oyè Kristi ti jáde, èyí tí àwọn Yorùbá túmọ̀ sí Ẹni Àmì Òróró. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nígbà náà, 'cream' ní ọwọ́ kan nínú àwo oúnjẹ, ó sì ní ọwọ́ kejì lára ènìyàn. Ohun jíjẹ ni, ohun pípa sí ara sì ni. Bí ènìyàn bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó bá a dọ́gba, ọ̀rọ̀ tí ó ní irú ọwọ́ méjì bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó wá.

Òrí ní ilẹ̀ Òkun

Àwọn Owé, Ìjùmú, Bùnú, Ìyàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀ ni ìkíni kan ṣoṣo so pọ̀ tí gbogbo ayé fi ń pè wọ́n ní Òkun. Inú Ìpínlẹ̀ Kogí, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, ni wọ́n wà lónìí. Ilẹ̀ wọn wà ní ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé. Kábà, ìlú Ọbáró, sì wà ní oríta ọ̀nà Lọ́kọ́ja, ti Èkìtì àti ti Ìlọrin. Epo pupa ń ti ìhà igbó wá, òrí ń ti ìhà ọ̀dàn wá, àwọn méjèèjì a sì pàdé lórí àtẹ.

Bí wọ́n ti ń ṣe òrí fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. Àwọn obìnrin a ṣa èso, wọn a sá kóró rẹ̀, wọn a pa á, wọn a yan án, wọn a sì gún un tàbí kí wọ́n lọ̀ ọ́ títí yóò fi kúnná. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò bu omi sí i, tí wọn yóò sì máa fi ọwọ́ lù ú títí ọ̀rá funfun yóò fi léfòó. Wọn a gbá ọ̀rá náà kúrò lójú omi, wọn a sè é, wọn a sì jẹ́ kí ó dì. Ẹni tí ó bá ti rí bí wọ́n ti ń po wàrà títí ọ̀rá rẹ̀ fi ń yọ mọ̀ pé iṣẹ́ méjèèjì jọra. Ìdí nìyí tí Mungo Park, arìnrìn-àjò ará Scotland tí ó rí òrí ní ilẹ̀ Bámbárà ní 1796, fi pè é ní bọ́tà igi nínú ìwé rẹ̀ ti 1799. Ọ̀dọ̀ àwọn Bámbárà ni 'shea' tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò títí di òní ti wá. Gẹ̀ẹ́sì náà yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ará ọ̀dàn, kò sì sí olùkọ́ kan ní London tí ó fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rí kejì ni ìlò. Òrí ni wọ́n fi ń pa ọmọ tuntun lára. Òun ni wọ́n fi ń wọ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́. Òun ni ó ń bá awọ ara jà nígbà ọyẹ́. Wọ́n sì ń fi se oúnjẹ. Ọbàtálá kì í jẹ epo pupa; òrí ni àwọn olùsìn rẹ̀ fi ń se oúnjẹ fún un. Àdín kò lè rọ́pò òrí, bẹ́ẹ̀ ni epo kò lè ṣe é, nítorí pé Yorùbá ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ ní orúkọ, ní ìlò àti ní èèwọ̀: àdín tí ẹlòmíràn fi ń pa ara ni Èṣù kò gbọdọ̀ fojú kàn. Ọwọ́ méjì tí 'cream' ní láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni òrí ní, èdè tí ó sì ya òrí, àdín àti epo sọ́tọ̀ báyìí kò yẹ lẹ́ni tí à ń pè ní òtòṣì ní ẹ̀ka ọ̀rá.

'Butter' ti ọdún 1611 àti òrí-àmọ́

Nígbà tí àwọn atúmọ̀ Bíbélì tí Samuel Àjàyí Crowther ṣáájú wọn kan ọ̀rọ̀ 'butter', orí òrí ni wọ́n kọ́lé lé. Òrí-àmọ́ ni wọ́n lò nínú Jẹ́nẹ́sísì 18:8, níbi tí Ábúráhámù ti ń ṣe àwọn àlejò mẹ́ta lálejò, àti nínú Aísáyà 7:15. Bíbélì náà parí ní 1884, àtúnṣe rẹ̀ sì jáde ní 1900. Òun ni ó wọ ilẹ̀ Òkun pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì, lára wọn ni Tommy Titcombe tí ó dé Ẹ̀gbẹ̀ láàárín àwọn Ìyàgbà ní 1908. Orí ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Òkun ti kọ́ Yorùbá kíkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ka èdè tí wọ́n ń sọ nílé yàtọ̀ sí ti inú ìwé náà.

'Butter' tí ó wà nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 kì í ṣe bọ́tà tí wọ́n ń fi sí búrẹ́dì lónìí. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó wà níbẹ̀ ń tọ́ka sí wàrà tí ó ti dì tàbí ọ̀rá rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọ̀rúndún ogún fi pa 'butter' tì: 'curds' ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lò nínú Jẹ́nẹ́sísì 18:8, nígbà tí ìtumọ̀ tí wọ́n ń pè ní New International Version lo 'cream' nínú Jóòbù 29:6. Ọ̀rọ̀ 1611 ti di àtijọ́ nílé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bí sí Yorùbá, òrí-àmọ́, ṣì wà lórí pẹpẹ.

Àṣeyọrí àwọn atúmọ̀ ni pé wọn kò yá 'bọ́tà' lò. Wọ́n wo ohun tí òǹkàwé ń rí lójoojúmọ́, wọ́n mú orúkọ rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ kan kún un kí ó lè dá yàtọ̀ sí òrí inú igi. Àléébù tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Ọ̀rọ̀ náà kò rí ẹni gbé e jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé nígbà tí nǹkan fífi sí búrẹ́dì dé nínú agolo, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó bá dé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní bọ́tà lórí àtẹ Kábà jẹ́ màgaríìnì, tí wọ́n fi òróró èso àti kóró ṣe. Hippolyte Mège-Mouriès, ará Faransé, ni ó kọ́kọ́ ṣe màgaríìnì ní 1869, láti rọ́pò bọ́tà tí ó wọ́n. Ọ̀rá màlúù ni ó fi bẹ̀rẹ̀, kí òróró igi tó gba ipò rẹ̀. Èyí já sí pé bọ́tà inú agolo ń jẹ́ orúkọ ohun tí ó ti ara màlúù wá, bẹ́ẹ̀ ni ìbátan òrí ni ní ti gidi. Ọmọ tí ó ń fi òrí inú igbá ìyá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tí ó sì ń jẹ bọ́tà, kò mọ̀ pé ará ilé kan náà ni wọ́n.

Wàrà, 'curds' àti 'junket'

Ọ̀rọ̀ wàrà náà ní ìṣòro tirẹ̀. Nínú Bíbélì, wàrà ń ṣàn. Ohun mímu ni. Lórí igbá obìnrin Fúlàní tí ó ń kiri ní Kábà, wàrà dì; ohun jíjẹ ni, ó sì lúwẹ̀ẹ́ nínú omi rẹ̀. Èyí tí ó ń ṣàn ni Haúsá ń pè ní 'nono', èyí tí ó ti inú agolo wá sì di mílíìkì. Ìtumọ̀ wàrà ti ń súnkì lẹ́nu ọ̀dọ́, débi pé ilẹ̀ ìlérí tí ó kún fún wàrà àti oyin lè di ilẹ̀ tí wàràkàṣì ń yí gbirigbiri kiri lójú ọmọ tí ó ń kà á. Ó ṣe pàtàkì kí olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn mọ̀ pé aáwọ̀ yìí wà kí wọ́n tó ṣí ìwé.

Ibi tí ọ̀ràn náà ti dunni jù ni kíláàsì àwọn ọmọdé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ní Nàìjíríà ni ó ti há orin Miss Muffet sórí, orin Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti wà nínú ìwé láti 1805, nípa ọmọbìnrin tí ó jókòó tí ó ń jẹ 'curds and whey'. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì òde òní gan-an kò mọ oúnjẹ náà mọ́. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni lójú tiwọn. Ṣùgbọ́n ọmọ Kábà tí ó ń kọ orin náà lè ti jẹ 'curds' ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí ó sì da 'whey' rẹ̀ nù. Wàrà dídì ni ọ̀kan, omi wàrà ni èkejì. Àwòrán òkè òkun ni olùkọ́ fi ń ṣàlàyé ohun tí ó ń kọjá ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, tí ọmọ náà yóò sì dàgbà pẹ̀lú èrò pé ohun inú ìwé kò lè jẹ́ ohun ilé.

'Junket' ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan náà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, wàrà dídì ọlọ́ràá ni, tí wọ́n ń sẹ́ nínú agbọ̀n tí wọ́n fi koríko etí odò hun. Orúkọ koríko náà ní èdè Faransé ni ó di orúkọ oúnjẹ. Àwọn tí ó ń ṣe wàrà ní ìhà tiwa a máa fi omi ewé bọmubọmu mú kí wàrà dì, wọn a sì sẹ́ ẹ nínú agbọ̀n kékeré, tí ìlà agbọ̀n náà yóò fi hàn lára rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni, láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnì kejì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 'junket' kúrò ní oúnjẹ, ó di àsè, ó sì di ìrìn-àjò afẹ́ tí ẹlòmíràn san owó rẹ̀. Ìtumọ̀ ìkẹyìn yìí nìkan ni ó dé Nàìjíríà, nínú ìwé ìròyìn tí ó ń bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn olóṣèlú. Ìrìn-àjò náà dé, agbọ̀n wàrà kò bá a dé.

Pòmáàdì, kírímù àti kọ́sítáàdì

'Pomade' wọ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún láti èdè Faransé, tí òun náà yá a lọ́wọ́ èdè Ítálì. Èso ápù ni ó wà ní ìdí orúkọ náà, nítorí pé wọ́n máa ń fi ápù sí irú ìpara bẹ́ẹ̀ ní àtètèkọ́ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì òde òní, ọ̀rọ̀ náà ti sún sẹ́yìn; ohun tí ọkùnrin fi ń mú irun dán ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ní Nàìjíríà kò sún sẹ́yìn rárá. Ó ṣì wà lára agolo ìpara ọmọdé, ó sì wà lẹ́nu ìyá tí ó ń wẹ ọmọ.

Ẹ̀bi tí wọ́n dá pòmáàdì ni pé ó ti gbó. Ṣùgbọ́n èyí tí ó gbó ní London ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Kábà, iṣẹ́ rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti kírímù. Pòmáàdì ki, ó dì, ó sì ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ ọyẹ́. Kírímù fẹ́lẹ́, ó sì ti gba àbùkù kan mọ́ra lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn: bí wọ́n bá ní obìnrin kan ń pa kírímù, ohun tí olùgbọ́ sábà máa ń rò ni pé ó ń bóra. Kò sí ẹni tí ó máa ń fi pòmáàdì fura sí ìyá ọmọ. Olùkọ́ tí ó bá fi 'body cream' rọ́pò pòmáàdì nínú àròkọ ọmọ ti pa ìyàtọ̀ yìí rẹ́. Àwọn tí ó ń sọ èdè ti ya ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n yá sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ya òrí àti àdín sọ́tọ̀, ọgbọ́n èdè sì ni èyí.

Kọ́sítáàdì tẹ̀ lé ipa kan náà. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, oúnjẹ tí wọ́n fi èèpá ìyẹ̀fun bò ni. Lẹ́yìn náà ni orúkọ náà di ti wàrà àti ẹyin tí wọ́n sè pọ̀. Ní 1837, Alfred Bird ti ìlú Birmingham ṣe èyí tí kò ní ẹyin, nítorí pé ẹyin kò bá ìyàwó rẹ̀ lára mu. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni ó fi dí i. Ìyẹ̀fun àgbàdo yìí ni ó dé Nàìjíríà. Nígbà tí ìyá bá da omi gbígbóná sí kọ́sítáàdì tí ó sì ń rò ó, ẹ̀kọ ni ó ń pò lábẹ́ orúkọ àlejò. Wàrà tí ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń bu sí i láti inú agolo mìíràn.

Ìdájọ́ àti ìmọ̀ràn

Iṣẹ́ èdè-ìperí Yorùbá tí ó jáde ní 1984 àti 1990 ṣe gudugudu méje ní ti ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ilé ìdáná àti orí àtẹ kò sí lára ohun tí ó dojú kọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ àyálò ti pọ̀ jù. Àwọn àbá wọ̀nyí lè ran olùkọ́ lọ́wọ́ títí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò fi dé ibẹ̀.

Àkọ́kọ́, kí ọ̀rá wàrà dúró fún ọ̀rá ojú wàrà. Ọ̀rọ̀ náà yé ẹni tí ó bá gbọ́ ọ láìsí àlàyé. Èkejì, kí òrí-àmọ́ jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó máa jẹ́ orúkọ bọ́tà tí ó ti ara wàrà wá, kí wọ́n sì fi bọ́tà sílẹ̀ fún ti inú agolo tí ó ti gbà á. Ẹ̀kẹta, kí ìpara jẹ́ orúkọ àpapọ̀, kí òrí, àdín, pòmáàdì àti kírímù jẹ́ ẹ̀ka lábẹ́ rẹ̀ ní ti ohun tí wọ́n ń pa sí ara. Ẹ̀kẹrin, kí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní 'curds and whey' ra wàrà wá sí kíláàsì.

Ènìyàn lè sọ pé ọ̀rọ̀ kò tó nǹkan, pé ohun tí ó ṣe kókó ni ọjà. Ọjà náà kò sọ ohun mìíràn. Royal Niger Company, tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wọ Kábà ní oṣù Kìíní ọdún 1897, wà lára àwọn tí ó ń ra òrí ní etí odò Ọya fún òkè òkun. Láti ọdún 2000, òfin ilẹ̀ Yúróòpù gbà kí wọ́n fi òrí wà lára ọ̀rá igi mẹ́fà tí ó lè wọ inú ṣokoléètì, bí kò bá ti ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fòfin de kíkó èso òrí tútù jáde fún oṣù mẹ́fà, kí iṣẹ́ sísọ ọ́ di òrí lè máa wáyé nílé. Àwọn tí ó ń rà á mọ̀ pé jíjẹ ni, pípa sí ara sì ni.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀sùn tí ó bẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì yá 'cream', ó yá 'pomade', ó yá 'custard', ó sì yá 'shea', kò sì tòṣì nítorí rẹ̀. Yorùbá ní òrí, ó bí òrí-àmọ́, ó yá pòmáàdì, ó sì fún un ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ohun tí ó kù ni kí olùkọ́ tí ó ń ti ilẹ̀ Òkun jáde mọ ìtàn àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kí ó tó mú bírò pupa. Bí ọmọ kan ní Kábà bá kọ ọ́ pé ìyá òun fi òrí pa òun lára, tí ó sì fi pòmáàdì pa àbúrò òun, ohun tí ó kọ péye. Kí olùkọ́ fún un ní máàkì rẹ̀.